Ṣúgà Ọkọ Mi Ń Wálẹ̀, À Ń Dúpẹ́

Ẹ fìdí mọ́lẹ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n sọ ohun tójú mi rí ní Dansoman níbí, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé.

Ó ti pẹ́ tí ọkọ mi, Bàbá Tóbi, ti ń gún abẹ́rẹ́ ínsúlìn nítorí àtọ̀gbẹ. Èmi ni mo máa ń gún un níka láràárọ̀ láti wo ṣúgà rẹ̀ kó tó lọ sí báńkì.

Ṣúgà tó ti ń le koko tẹ́lẹ̀ ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò yí padà, kẹ́ńkè, ẹ̀kọ àgbàdo àwọn ará ibí tó ń jẹ, ò dín kù! Kí lẹ fẹ́ kí n pè é? Inú mi dùn débi pé mo pe ìyá mi n'Íbàdàn.

Òótọ́ ni pé ó máa ń làágùn láàárọ̀, tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n bó bá ń de bọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ dáadáa mọ́. Mo ní ká lọ sí ọsibítù, ó ní ta ló ń gbé ìwòsàn lọ fún dókítà wò. Pásítọ̀ wa ní kó wá jẹ́rìí ní Sọ́ńdè.

Ẹ mọ̀ pé àwa ará Nàìjíríà kì í jẹ́rìí lórí ìjókòó. A jó dé iwájú. Ó gba máìkì, ó ní Ọlọ́run ti ń mú àtọ̀gbẹ kúrò lára òun. Bó ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ahọ́n rẹ̀ wúwo, ojú rẹ̀ yí, ó ṣubú. Àwọn kan ṣì ń pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ẹ̀mí ló gbé e! Èmi ni mo pariwo pé kí wọ́n bá mi gbé e lọ sí ọsibítù.

Ní ọsibítù, wọ́n fa omi ṣúgà sí i lára, ó lajú. Lẹ́yìn tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, dókítà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní purotéènì ni ínsúlìn. Ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ló ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́ kó tó tán lára, ti kíndìnrín ló sì pọ̀ jù nínú èyí tí a fi abẹ́rẹ́ gún. Kíndìnrín ọkọ mi ò lágbára ẹ̀ mọ́. Tàná ò tíì tán lára, a ti gún tòní lé e.

Mo bi í pé, "Dókítà, ṣé àtọ̀gbẹ ọ̀hún ò lọ ni?"

"Kò lọ, madam. Kíndìnrín ló ń lọ."

Ohun tá a jó fún nìyẹn o.

Wọ́n ti dín abẹ́rẹ́ náà kù, wọ́n ń tọ́jú kíndìnrín bí wọ́n ṣe lè ṣe é. Bí oògùn yín bá ṣàdédé ń ṣiṣẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má tíì dúpẹ́, ẹ lọ yẹ kíndìnrín wò. Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Ẹ sọ tiyín fún mi. Ẹ̀yin tí èèyàn yín là á já, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.