Kílò Mẹ́ta Tí Mo Yọ̀ Sí

Òórùn ẹja díndín ló máa ń jí wa nílé wa ní Gbégamey, nítorí obìnrin tó ń tà á kì í jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ tán kó tó dáná. Màmá mi á fa òórùn náà símú, á mí kanlẹ̀, a ó sì lọ sídìí ìwọ̀n. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara, dókítà sì ti ní kó jìnnà sí iyọ̀. Láràárọ̀, bó bá ti tọ̀ tán, kó tó fẹnu kan nǹkan, kó gun ìwọ̀n. Bó bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ká tètè máa bọ̀.

Mo gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bó ti ń rí kéèyàn tọ́jú aláìsàn fún oṣù mẹ́rin, kó tún máa lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé ní Abomey-Calavi. Ó rẹ̀ mí. Mo kàn ń kọ nọ́ńbà náà sára kàlẹ́ńdà ni.

Àìsàn ti fa Màmá gbẹ. Nígbà tí nọ́ńbà wá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kílò kan lónìí, òmíràn lọ́la, inú mi dùn. Mo rántí ìkìlọ̀ dókítà o, àmọ́ mo ní ti ẹni tó wú ló ń sọ, kì í ṣe ti ẹni tí ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹni tó rù là ń káàánú. Ìyá ìjọ kan wá kí wa, ó pàtẹ́wọ́: "Ẹ ò rí i bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ti kún! Ọlọ́run ṣeun."

Màmá wojú mi. "Ọmọ mi ló ń tọ́jú mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn tù mí lára ju oorun lọ. Mo tún bu ọbẹ̀ kún tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, bàtà rẹ̀ kò wọ ẹsẹ̀ mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀ kan parí láìmí hẹlẹ. Mo pe takisí. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá nílé ìwòsàn bi mí bóyá ó ti sanra sí i.

"Kílò mẹ́ta," ni mo dáhùn, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi yangàn.

Ó fi ìka tẹ ojúgun Màmá. Ihò dá síbẹ̀, kò sì tètè kún. "Omi nìyí, àǹtí." Ojú tì mí débi pé n kò lè jókòó.

Ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi fún un lóògùn kí omi náà tó fà. Mo sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo ní èmi ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

"Dákẹ́," ló wí. "Èmi náà yọ̀. Ta ni kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun sanra?"

Ó ṣì ń rẹ̀ mí, n kò ní purọ́ fún ọ. Mo ti rò pé ẹni tó bá ń bu oúnjẹ ló ń tọ́jú aláìsàn, àṣé ẹni tó bá ń wò ó ni. Láràárọ̀ báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, màá tẹ ojúgun rẹ̀, kó tó gun ìwọ̀n.

"Ṣé mo rù?" ni Màmá máa ń bèèrè.

"Ẹ rù dáadáa, Màmá."

Àwa méjèèjì á sì dúpẹ́.