Aránṣọ Tó Ń Pọn Omi Òkun

Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, Bíríkìlà sì ni ọkọ rẹ̀. Bí o bá béèrè orúkọ tí òbí wọn sọ wọ́n, wàá dúró pẹ́ kó o tó rí ẹni tó máa rántí. Ilé wọn ló gbẹ̀yìn ní òpópónà tó já sí etí òkun: iyàrá méjì, ilé ìdáná kan, àti fèrèsé kan tó kọjú sí omi, níbi tí Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí. Orí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà lé nítorí àkúnya omi, orí àpótí gíga sì ni òun fúnra rẹ̀ ń jókòó sí, bí ẹni tó fẹ́ wàásù. Ọkọ rẹ̀ kì í jẹ́ kí ìyẹn lọ lásán. Bí oúnjẹ bá ti délẹ̀, á ké sí i pé, "Ìyá wọn, sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, ìjọ ti tú."

Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, ká má parọ́. Kò túmọ̀ sí pé wọn kì í jà o. Wọ́n ń jà lórí iyọ̀, wọ́n ń jà lórí rédíò, wọ́n ń jà lórí ta ló gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Aránṣọ ti wọlé ọkọ, kò bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀ rí. Bí ògiri bá là, á ní ilẹ̀ ibẹ̀ ni kò dáa. Bí òrùlé bá jò, á ní òjò ọdún yìí ti le jù. Bíríkìlà náà, aṣọ yòówù tí ìyàwó rẹ̀ bá rán fún un ni yóò wọ̀ jáde, ìbáà jẹ́ pé apá kan gùn ju èkejì lọ. Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé títí irun orí wọn fi funfun.

Ní ọdún tí òkun kọ́kọ́ wọ ilé wọn, òwúrọ̀ ni, Aránṣọ ń dáná lọ́wọ́. Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó pa iná, ó gbé ìkòkò léfòó. Orí tábìlì ni ọkọ rẹ̀ bá a, tó ká ẹsẹ̀ jọ, tó ń gbọ̀n. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó gbé e pọ̀n dé ilé aládùúgbò, kò sì sọ ju pé, "Kò ní í ṣẹlẹ̀ mọ́." Láti ọ̀sẹ̀ yẹn, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní ìrọ̀lẹ́, kò ní í tíì bọ́ bàtà tí yóò ti gbé sìmẹ́ńtì lọ sínú ẹrẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Díẹ̀díẹ̀ ló mọ ògiri kan tó ga ju orí èèyàn lọ, tó gba ẹ̀yìn ilé wọn kọjá títí dé ibi àpáta. Òpópónà lódindi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aránṣọ fọwọ́ pa ògiri náà bí ẹni ń pa aṣọ tuntun.

Ohun tí kò sí ẹni tó rò ni pé igi ẹ̀gbà wà láàárín ògiri yẹn àti ilé wọn. Ẹ̀gbà ni igi etí òkun tó ń fi gbòǹgbò púpọ̀ dúró nínú ẹrẹ̀, bí alákàn. Kì í ṣe igi tó ń dá gbé. Ó ń fẹ́ kí òkun máa wá kí i lójoojúmọ́, kó sì máa padà lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ti gé ìlàjì wọn fi dáná látọjọ́ pípẹ́, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ lẹ́yìn tí ògiri dí òkun lọ́nà. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹrẹ̀ a sán. Lásìkò òjò, omi a dá rogún síbẹ̀, a sì máa rùn. Alákàn kó ẹrù, ẹja wẹ́wẹ́ kó ẹrù. Ní ìta ògiri, òkun tó ń ga sí i lọ́dọọdún ń jẹ ìdí búlọ́ọ̀kù díẹ̀díẹ̀, kò sì kánjú.

Aránṣọ ló kó àwọn obìnrin òpópónà jọ láti tún ẹ̀gbà gbìn. Ó ní ó ti sú òun láti máa wo kùkùté láti ojú fèrèsé. Obìnrin kan tí ìjọba fi ṣe alábòójútó igi etí òkun, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Igi, kó ọ̀gbìn wá fún wọn nínú ọ̀rá. Ó wo ilẹ̀ náà, ó sì fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ó jẹ́ kí òkun máa wọlé tọ̀ wọ́n wá o. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní yè."

Àwọn obìnrin wo ògiri. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo ẹsẹ̀ ara wọn. Ta ló fẹ́ dárúkọ ògiri lójú ìyàwó ẹni tó mọ ọ́n?

"Omi á wọlé," ni Aránṣọ yára dáhùn. "Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Garawa ló gbé jáde. Bí Bíríkìlà bá ti lọ sí ibi iṣẹ́, tí òkun sì ti kún, á gbé àkàsọ̀ ti ògiri, á gùn ún dé òkè, á fi okùn sọ garawa sínú òkun, á fà á sókè, á sọ̀ kalẹ̀, á sì lọ bu omi náà sídìí ọ̀gbìn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí ọkọ rẹ̀ tó dé, àkàsọ̀ ti padà sí àyè rẹ̀. Ìyá àgbà tó ti ní ọmọ-ọmọ! Ọ̀wọ́ ọ̀gbìn àkọ́kọ́ kú. Èkejì kú. Nígbà tí wọ́n gbin ẹ̀kẹta, Ọ̀gá Igi ní bí èyí náà bá kú, etíkun ibòmíràn lòun yóò kó ọ̀gbìn lọ. Ó tún ní ògiri náà kò ní í pẹ́ wó, àti pé bí kò bá sí igi tó di ẹrẹ̀ mú kó tó wó, òpópónà ló máa bá omi lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Agbẹ̀bí, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Wọ́n ní omi téèyàn máa mu ò ní í ṣàn kọjá ẹ̀," ló wí. "Ti àwọn igi yìí ń ṣàn kọjá lójoojúmọ́ o! Sọ fún ọkọ ẹ."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé nǹkan tó fìfẹ́ ṣe fún mi ló ń pa nǹkan? Ẹyin lọ̀rọ̀ o."

"Ẹyin? Tìẹ ti fẹ́ rà sí ẹ lẹ́nu."

Ìbàdí bẹ̀rẹ̀ sí í ro Aránṣọ débi pé kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ẹ̀rọ ìránṣọ ni Bíríkìlà dẹ́bi fún. Ó gé ẹsẹ̀ àpótí rẹ̀ kúrú, ó fi tìmùtìmù lé e, ó sì ń fi ìpara pa á lẹ́yìn ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ọwọ́ tí sìmẹ́ńtì ti sọ di gbágungbàgun. "Aṣọ àwọn èèyàn á pa ẹ́ fún mi," ni yóò máa wí. Aránṣọ á dojú dé ìrọ̀rí, inú rẹ̀ á máa dùn, á sì máa bà jẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ tó ń kó yanrìn kò dé ibi iṣẹ́, Bíríkìlà bá padà sílé. Ó gba ẹ̀yìnkùlé, ó gbójú sókè, ó rí ìyàwó rẹ̀ lórí ògiri, tó fi gèlè gba ìbàdí, tó ń fa okùn. Kò pariwo, kó má baà já bọ́. Ó rọra lọ di àkàsọ̀ mú. Aránṣọ ń sọ̀ kalẹ̀, ó rí i pé àkàsọ̀ kò mì bíi ti àtẹ̀yìnwá, ló bá wo ìsàlẹ̀.

"Bàbá wọn! Ẹ ti dé?"

"Mo ti dé. Kí ló wà nínú garawa?"

"Omi ni."

"Omi wo?"

Irọ́ pọ̀ nílẹ̀ tó lè pa, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó wá sí i lẹ́nu. "Omi òkun."

Bíríkìlà wo garawa, ó wo àwọn ọ̀gbìn, ó wo ògiri. "Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà tá a ti ń gbìn ín." Omijé ti dé ojú rẹ̀. "Ògiri ló ń pa wọ́n, Bàbá wọn. Mi ò lè sọ ọ́, torí mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi mọ ọ́n."

Bíríkìlà gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó bu omi náà sídìí ọ̀gbìn tó kù, ó sì wọlé. Kò jẹun. Ìrọ̀lẹ́ lẹ́, ó gbé ìpara wá bó ṣe máa ń ṣe, ó sì ń fi pa á lẹ́yìn. Ìgbà tó yá, ó ní:

"Mo mọ ògiri kí ìyà má baà jẹ ẹ́. Ìwọ wá ń jìyà kí ojú má baà ti ògiri."

Aránṣọ bú sẹ́kún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mọ èyí tí òun ń ṣe nínú méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí òkun fà sẹ́yìn, Bíríkìlà gbé òòlù ńlá kọ́ èjìká. Aránṣọ sáré tẹ̀ lé e.

"Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ọ̀dọ́. Ilé ìdáná wa ńkọ́?"

"Màá gbé ilẹ̀ ẹ̀ ga. Ọ̀dọ́ wo ló mọ ibi tí mo tẹ́ irin sí?" Ó dúró níwájú ògiri. "Ìyá wọn, ibo ni kí n là?"

Aránṣọ nàka sí ibi tí òkun máa ń gbà wọlé kí ògiri tó dé. Ìró òòlù jí òpópónà, àwọn obìnrin jáde, Agbẹ̀bí ló ṣáájú, wọ́n ń ru àfọ́kù búlọ́ọ̀kù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì sí ẹni tó fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí òkun padà dé, ó yọ́ wọlé láti ojú ihò náà, ó fi ìfòfò kan ẹsẹ̀ àwọn ọ̀gbìn iwájú, kò sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tẹ̀yìn.

Bíríkìlà nu òógùn ojú rẹ̀. "Ṣé ó tó?"

Gbogbo obìnrin yíjú sí Aránṣọ. Ó wo ihò náà dáadáa, bí ẹni ń wo ọrùn aṣọ tó há jù fún oníbàárà.

"Kò tó," ló wí. "Ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i."

Bíríkìlà wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó sì tún gbé òòlù sókè.