Ojú Bàtà Abẹ́ Fèrèsé ní Ìlọ́fà

Wọ́n ní ọ̀gá mi àtijọ́ ló tú àṣírí olè kòkó Ìlọ́fà. Irọ́ ni. Èmi ni, ìgbálẹ̀ ni mo sì kọ́kọ́ bá jà.

Ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀ràn ni mí ní Ọ̀sì, obìnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn ọkùnrin. Mo kàwé jù wọ́n lọ, wọn kò sì dárí ìyẹn jì mí.

Olè kó kòkó nínú yàrá ẹrù agboolé kan. Ilẹ̀kùn wà ní títì, ọwọ́ ìyàwó tuntun sì ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kí èmi àti ọ̀gá mi tó débẹ̀, àkọ́bí ilé ti pàṣẹ pé kí ìyàwó àbúrò òun padà sílé bàbá rẹ̀ ní Èrúkù. Ìyàwó náà jókòó lé ẹrù rẹ̀ níta, kò tilẹ̀ sunkún mọ́.

A bá àwọn obìnrin ilé lẹ́nu ilẹ̀ gbígbá. Ìtìjú ni lọ́dọ̀ wa kí àlejò bá ilẹ̀ tí a kò gbá. Iwájú ilé ti mọ́ féfé, ojú ẹsẹ̀ olè tó bá wà níbẹ̀ ti bá ìgbálẹ̀ lọ. Mo sáré lọ sẹ́yìn.

“Ẹ dúró! Ẹ má gbá ibí!”

Ìyá ọkọ ìyàwó náà wò mí tìkà-tẹ̀gbin. “Ṣé kí ìjọba bá pàǹtí nílé wa ni? Ìyá rẹ kò kọ́ ọ ní ilẹ̀ gbígbá?”

“Ó kọ́ mi, Ìyá. Ẹ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀.”

Mo fi okùn ewúrẹ́ yí ibẹ̀ ká. Ojú bàtà kan wà lábẹ́ fèrèsé yàrá ẹrù nínú eruku ọyẹ́, gìgísẹ̀ rẹ̀ jẹ lápá kan. Mo wọ̀n ọ́n, mo yà á sínú ìwé, mo sì fi bàsíà bò ó nítorí adìyẹ.

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. “Ẹ wá wo obìnrin tó ti ilẹ̀ mọ́lé! Dì í mú o, kó má sá lọ!”

Àkọ́bí ilé náà rẹ́rìn-ín. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mo ń wò ní tèmi. Mo ní kó bọ́ ọ. Ó wo ọ̀gá mi, ọ̀gá mi wo òkè. Mo ṣí bàsíà, mo gbé bàtà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ẹsẹ̀. Bó ṣe jẹ níhìn-ín ló jẹ lọ́hùn-ún.

“Kí lo wá dé abẹ́ fèrèsé yàrá ẹrù?” ìyá rẹ̀ bi í.

 Àkọ́bí náà mú wa lọ sí abà tó kó kòkó pamọ́ sí.

Ọ̀gá mi ni wọ́n gbé ga fún iṣẹ́ yẹn, àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì ń fi yangàn. Kí wọ́n máa yangàn lọ. Ojú mi ló rí ìyá ọkọ tó bẹ̀rẹ̀, tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àpótí ìyàwó padà sínú ilé. Ìyàwó náà kò tẹ̀lé e wọlé. Ó mú ìgbálẹ̀, ó dúró lẹ́bàá okùn mi.

“Àǹtí, ṣé mo lè gbá a wàyí?”

Mo tú okùn. “Ilé rẹ ni. Gbá a.”