Àbẹ̀kẹ́ Jókòó ti Bẹ́ẹ̀dì Rìsí

Mo mọ̀ pé onírọ́ ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò wa l'Ọ́fà. Ejò olórí méjì tí mo ní mo pa lọ́jọ́sí, irọ́ ni. Ṣùgbọ́n èyí, ojú mi ló rí i, ọ̀sán gangan sì ni.

Ìfun Rìsí, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló lọ́ pọ̀. Kíá ni wọ́n là á nínú ní ọsibítù. Kí dókítà tó fún un lóògùn tí kò ní jẹ́ kí ojú abẹ kẹ̀, ó bi mí pé, "Bàbá, ṣé oògùn kankan wà tí ara rẹ̀ kọ̀?"

"Kò sí."

Kí ni ǹ bá sọ? Nígbà tí Rìsí wà ní kékeré, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, ó délé, ara rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó kékeré ẹ̀gbọ́n mi, ló wẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Gbogbo ilé ní ọṣẹ dúdú ló fi ṣe é. Ta ló rántí abẹ́rẹ́? Wọ́n lé Àbẹ̀kẹ́ padà sí Ojoku, ìlú àwọn òbí rẹ̀.

Oògùn ń kán sí Rìsí lára nígbà tí mo gbójú sókè. Àbẹ̀kẹ́ ló jókòó ti bẹ́ẹ̀dì yẹn, ẹ gbà mí gbọ́, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lé e ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ń họ apá.

Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, ó pè mí bó ṣe máa ń pe èmi àbúrò ọkọ rẹ̀: "Ọkọ mi, ṣé ọṣẹ náà tún nìyí?"

Mo wo Rìsí. Òun náà ń họ apá. Ètè rẹ̀ ti wú, èémí rẹ̀ ń súfèé.

Mo ké sí nọ́ọ̀sì. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó dá omi oògùn náà dúró, ó gún un lábẹ́rẹ́ mìíràn nítan, wọ́n gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, wọ́n fi ọ́síjìn bò ó nímú.

"Oògùn yẹn lara rẹ̀ kọ̀," dókítà ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fún un mọ́ láéláé. Díẹ̀ báyìí ló kù."

Mo bojú wẹ̀yìn. Àga ṣófo, òórùn ọṣẹ dúdú ló kù níbẹ̀.

Nígbà tí Rìsí dìde, mo wọkọ̀ lọ sí Ojoku láti lọ bẹ Àbẹ̀kẹ́. Àbúrò rẹ̀ mú mi lọ síbi ibojì kan tí koríko ti bò.

"Ó ti pẹ́ tó ti lọ," ó ní. "Rìsí ló ń béèrè títí tó fi kú."

Mo kúnlẹ̀. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀?

Títí dòní, bí mo bá ń wẹ̀, ẹnì kan máa ń họra lẹ́yìn ilẹ̀kùn. N kò mọ ohun tó fẹ́. Ẹ gbọ́ tèmi: bí ara ọmọ yín bá wú, ẹ bi oògùn kẹ́ ẹ tó bi ìyàwó.