Jẹnẹrétọ̀ Méjì Inú Ọgbà Billstedt

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí mo fi kúrò nílé wa ní Hellersdorf, ní ìpẹ̀kun Berlin. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bísí, tó ń gbé ní Hamburg, ló pè mí lọ́jọ́ tó ṣáájú pé olè wọ ọgbà tí òun ń gbé Wohnwagen òun sí. Wohnwagen ni wọ́n ń pe ilé kékeré onítáyà tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Inú rẹ̀ ló ti ń dín àkàrà tà níbi àríyá ìta gbangba, jẹnẹrétọ̀ méjì ló sì ń lò. Ilé alájà gíga ló ń gbé ní Steilshoop, kò sí àyè fún irú nǹkan bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, ló fi háyà àyè sí ọgbà kan ní Billstedt, nínú Hamburg kan náà. Ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lójú òkun.

Bọ́ọ̀sì ni mo wọ̀, owó rẹ̀ kéré sí ti ọkọ̀ ojú irin. Ọ̀nà tẹ́jú, kò sí kòtò. Níbi tí a dúró sí, kò sẹ́ni tó sáré wá sójú fèrèsé pẹ̀lú ẹ̀pà tàbí búrẹ́dì. Ṣọ́ọ̀bù ni a wọ̀, búrẹ́dì tí mo rà níbẹ̀ sì le bí igi.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì dé Hamburg, mo wọ ọkọ̀ ojú irin inú ìlú. Àǹtí ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀ ojú irin Billstedt.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, Dàpọ̀. Mi ò fojú kan oorun."

Wọ́n ti gé wáyà ọgbà náà. Wọ́n ti ha àgádágodo Wohnwagen Àǹtí, àmọ́ kò já. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, òórùn bẹntiróòlù gbá wa lójú. Ẹ̀rọ méjèèjì wà lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì tó fi bò wọ́n. Epo ọ̀kan ti jo sílẹ̀. Ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti ń tanná. Mo gbá ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ má tàn án! Ẹ jẹ́ ká jáde."

A ṣí fèrèsé gbogbo sílẹ̀, a dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí atẹ́gùn fẹ́ wọlé. 

"Olè ni mò ń sá fún," ó ní. "Àṣé èmi ni mo ń fi iná pamọ́."

Nílé wa n'Íbàdàn, ìta ni jẹnẹrétọ̀ ń wà, wọ́n á fi ṣéènì dè é mọ́ irin fèrèsé. Níbí, nǹkan tí a bá tì mọ́lé ni a rò pé ó wà láìléwu. A gbé méjèèjì síta, a ro epo inú wọn sínú kẹ́ẹ̀gì. Àǹtí fẹ́ gbé wọn lọ sí yàrá rẹ̀. Mo ní rárá.

Bàbá òyìnbó kan dúró ní ẹ̀gbẹ́ wa, Wohnwagen tirẹ̀ ló tẹ̀lé ti Àǹtí. Jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n jí. Ó ní lọ́la ni àwọn ń lọ sétíkun, ìyàwó òun kì í sì sùn láìsí ẹ̀rọ oníná mànàmáná tó ń bá a mí lóru. Ó kàn sọ ọ́ ni, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

 Àǹtí sún èyí tí kò jo sọ́dọ̀ bàbá náà.

"Nehmen Sie," ó ní. Ìyẹn ni pé, ẹ gbà á.

Bàbá náà wò ó títí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mi orí síra wọn nínú ọgbà yẹn, àmọ́ ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ béèrè orúkọ Àǹtí.

A gbé èyí tó jo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, mo sì wọ bọ́ọ̀sì padà. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn fún mi nírọ̀lẹ́.

"Níbo lẹ wá tọ́jú àwọn ẹ̀rọ náà sí?"

"Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Èkejì ń bá aládùúgbò lọ sétíkun."

"Ọkàn yín sì balẹ̀?"

"Ti Àǹtí balẹ̀. Ó ní òun á sùn lónìí."