Kọ́kọ́rọ́ Àpótí Ìbọn Lórí Pẹpẹ

Àpótí irin tí Sylvanus Adédìran ń tọ́jú ìbọn rẹ̀ sí ní kọ́kọ́rọ́ méjì. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe kedere lórí rẹ̀: ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé àṣẹ ìbọn nìkan ló gbọ́dọ̀ lè dé ibi tí kọ́kọ́rọ́ náà wà. Ìyàwó kò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀. Ọmọ kò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ kan nínú oṣù kẹta, ní aago mọ́kànlá kọjá ogún ìṣẹ́jú, obìnrin tó ń yẹ ìwé ìbọn wò fún àwọn ọlọ́pàá pè é lórí fóònù pé dípò ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun yóò wá sílé rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ náà. Ní àkókò yẹn, ó ti di ọjọ́ kẹfà tí Adédìran ti kó kọ́kọ́rọ́ méjèèjì lọ sórí pẹpẹ ìjọ rẹ̀ ní Barking, nínú àwo funfun kan.

Ó ṣì di fóònù mú mọ́ etí lẹ́yìn tí obìnrin náà ti gé e.

"Aago mẹ́ta," ó wí. "Aago mẹ́ta òní."

Ìyàwó rẹ̀, Rosemary, yíjú kúrò nídìí ìkòkò. "Dádì Moṣọpẹ́, ẹ ò wá sọ fún wọn pé ẹ wà níbi iṣẹ́?"

"Mo ti ní ilé ni mo wà."

"Ẹ kú iṣẹ́ o."

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Adédìran, ọmọ Èkìtì, tó ń gbé ní Dagenham Village. Ó ti fi ọdún mẹ́tàlélógún tún ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì ṣe. Kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kì í mutí, kì í wakọ̀ kọjá iná pupa. Ìbọn kan ṣoṣo ló ní, èyí tí wọ́n ń pè ní 243. Ní Sátidé méjì lóṣù, á wakọ̀ lọ sí oko kan ní Essex, níbi tí àwọn àgbọ̀nrín ti ń jẹ ọkà òyìnbó kan, olóko náà sì ti fún un láṣẹ láti pa wọ́n. Ọta kan, ẹran kan. Ìdajì ẹran náà máa ń lọ sínú fírísà ìjọ. Àwọn tí wọ́n ń jẹ ẹran yìí nígbà ìkórè náà ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi gbàdúrà.

Ohun tó fa àdúrà ni ìbọn kejì. Nínú oṣù kẹwàá tó kọjá, Adédìran sọ nílé pé òun fẹ́ ra 375. Ọta ìbọn yìí wúwo tó ọta 243 lọ́nà mẹ́ta. Kò sí ẹran kan ní gbogbo Essex tó nílò rẹ̀. Tí èèyàn bá sì fẹ́ fi ìbọn kan kún èyí tó ní, àfi kó kọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ sínú fọ́ọ̀mù, kí ìdí náà sì mọ́gbọ́n dání. Ó gbé fọ́ọ̀mù náà fún ọmọ rẹ̀ obìnrin, Moṣọpẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ní yunifásítì.

"Ìwọ lo kàwé," ó ní. "Kọ ọ́ kó dùn."

"Dádì, kí ni kí n kọ?"

"Ohun táwọn èèyàn máa ń kọ."

Moṣọpẹ́ kì í kọ ohun tí kò mọ̀. Ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí pápá tí wọ́n ti ń yìnbọn sí àmì, ó sì bi àwọn ọkùnrin tó bá níbẹ̀ léèrè ohun tó ń mú wọn ra ìbọn ọlọ́ta ńlá. Ẹni àkọ́kọ́ ní ọta tó wúwo ni atẹ́gùn kì í tètè gbé kúrò lójú ọ̀nà tí ibi tí èèyàn ń yìn sí bá jìnnà. Ẹnì kejì ní ẹran ńlá gbọ́dọ̀ tètè kú, pé ìwà ìkà ni kí èèyàn fi ọta kékeré ṣe é léṣe kó lọ máa jẹ̀rora nínú igbó. Ẹnì kẹta rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò ní ìdí kankan, àmọ́ tí òun bá ti yìn ín, òun máa ń gbọ́ ọ nínú eyín. Moṣọpẹ́ gba ẹni kẹta yìí gbọ́ ju àwọn méjì yòókù lọ.

Ohun tó kọ sínú fọ́ọ̀mù náà kì í ṣe irọ́. Iléeṣẹ́ ọdẹ kan ní gúúsù Áfíríkà ti kọ̀wé pe bàbá rẹ̀ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì láti wá dọdẹ ẹfọ̀n lọ́dún tó ń bọ̀, wọn kì í sì í gba ìbọn tó kéré ju 375 lọ níbẹ̀ fún ẹfọ̀n. Ṣùgbọ́n kò yé e ìdí tí ọkùnrin tí kì í lọ sí Nàìjíríà fún ìsinmi fi fẹ́ lọ pa ẹfọ̀n nílẹ̀ àjèjì. Ó béèrè. Bàbá rẹ̀ ní kó kàn fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Lẹ́yìn náà ni Wòólíì Akíndúró, tó ń darí ìjọ Barking náà, ríran. Ó ní òun rí bébà kan tí wọ́n fi yíǹkì pupa fa ìlà gba àárín rẹ̀ kọjá. Nínú ìjọ yìí, àmì ohun tí èèyàn ń béèrè ni wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ fún ọjọ́ méje. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò á gbé bíírò rẹ̀ wá, ẹni tó ń retí físà á gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ wá. Wòólíì ní kí Adédìran kó kọ́kọ́rọ́ wá, méjèèjì, kí ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ náà má ṣe ṣẹ́ kù sílé. Adédìran kó wọn lọ ní Sátidé. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti fi ń tọ́jú àwọn kọ́kọ́rọ́ yìí tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ ibi tí wọ́n wà. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé èèyàn ló ń ṣí ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run, àti pé àwọn mẹ́rìndínlógún ló lè ṣí i.

Ní Ọjọ́bọ̀ yìí, kò rí awò ojú rẹ̀, kò sì lè wakọ̀ láìsí i. Moṣọpẹ́ bá a wọ ọkọ̀ ojú irin ní Dagenham East. Ibùdókọ̀ mẹ́rin ni. Adédìran dúró ní gbogbo ọ̀nà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè ìjókòó wà.

"Aago mélòó?"

"Méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ni."

"Tá a bá ti kó wọn délé kí obìnrin yẹn tó dé, ọ̀rọ̀ ti bùṣe."

"Dádì, ọ̀rọ̀ ò bùṣe. Sátidé lẹ ti rú òfin. Kì í ṣe òní."

"Rọra sọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn ń gbọ́."

Òkè ṣọ́ọ̀bù aláṣọ kan lẹ́yìn ọjà East Street ni ìjọ náà wà. Wọ́n sáré gba àárín àwọn tó ń ra ẹja kọjá. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fi dúró kí Wòólíì tó ti ibi tó lọ dé. Wọn kì í wọ bàtà wọlé níbẹ̀, bàtà iṣẹ́ tó ní okùn gígùn ló sì wà lẹ́sẹ̀ Adédìran. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fa okùn, okùn ń ta kókó. Nígbẹ̀yìn, Moṣọpẹ́ ló kúnlẹ̀ tú u.

"Wòólíì, kọ́kọ́rọ́ mi."

"Ọjọ́ keje kò tíì pé, Bàbá Adédìran."

"Ọlọ́pàá ń bọ̀ nílé mi."

"Ìdí tí a fi ń gbàdúrà gan-an nìyẹn."

"Wòólíì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi."

Wòólíì gbé àwo funfun náà wá. Kọ́kọ́rọ́ kan ló wà nínú rẹ̀, ó ń dán fún òróró.

"Èkejì ńkọ́?" Moṣọpẹ́ ló béèrè.

"Ó wà lọ́wọ́ Ìyá Magdalene ní Chadwell Heath. Wọ́n ń gbààwẹ̀ lé e lórí. Mo pín wọn ni, kí iná àdúrà lè jó níbi méjì."

"Ṣé wọ́n mọ ohun tí kọ́kọ́rọ́ yẹn ń ṣí?"

"Gbogbo ìjọ ló mọ̀, ọmọ mi. A kéde rẹ̀."

Adédìran pe Ìyá Magdalene lẹ́ẹ̀mẹfà. Ilé àwọn arúgbó ni obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sì jẹ́ kó mú fóònù wọlé. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣíwọ́.

Wọ́n délé ní aago méjì kọjá ogójì ìṣẹ́jú. Adédìran fi aṣọ nu òróró ara kọ́kọ́rọ́ náà, ó tún nu ún, ó tún nu ún. Ní aago mẹ́ta gééré, aago ẹnu ọ̀nà dún.

Ọmọbìnrin kan tó wé gèlè kékeré dúdú ló wọlé, fáìlì lọ́wọ́. "Ẹ káàsán sà. Ẹ káàsán mà. Hamidah lorúkọ mi. Kí n tètè sọ ọ́: ará Ìlọrin ni bàbá mi, nítorí náà, ẹ má sọ ohun tẹ́ ò fẹ́ kí n gbọ́."

"Háà!" Rosemary pàtẹ́wọ́. "Ọmọ wa ni! Ọlọ́run ti bá wa ṣe é. Jókòó, jàre. Ṣé wàá jẹ mọ́íńmọ́ín?"

"Ẹ ṣeun mà. Mi ò lè jẹ nǹkan níbi iṣẹ́."

Ó jókòó, ó ṣí fáìlì. "Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ fi fẹ́ ìbọn ńlá yìí?"

Adédìran ka ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù jáde láti orí: ìwé ìpè, ẹfọ̀n, òfin iléeṣẹ́ ọdẹ.

"Mo ti ka ìyẹn, sà. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé. Ẹ̀yin alára ńkọ́?"

Adédìran wo ìyàwó rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí nígbà náà," ó ní. "Ọdẹ ni bàbá mi. Wọ́n yìnbọn sí ẹfọ̀n kan, ó ṣubú, ó tún dìde. Ṣakabùlà ni, àyè ò sí láti tún un kì. Tèmi náà wà lọ́wọ́ mi. Mo yìn ín. Mo rí ibi tó bà á léjìká. Eruku ló sọ. Ẹran yẹn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn wo ẹni tó yìn ín."

Hamidah gbójú sókè kúrò lórí fáìlì.

"Bàbá yín ńkọ́, sà?"

"Lẹ́yìn tó kàn wọ́n, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi wà láàyè. Mo fẹ́ mú ìbọn tó tó dání lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n tó dàgbà jù. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Rosemary ti bí ọmọ márùn-ún fún ọkùnrin yìí, kò sì gbọ́ ìtàn yìí rí. Hamidah kọ nǹkan sílẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró.

"Mo gbọ́, sà. Ìyẹn yé mi ju ti fọ́ọ̀mù lọ. Ẹ jẹ́ ká wo àpótí."

Abẹ́ àtẹ̀gùn ni àpótí náà wà. Adédìran ṣí i. Hamidah ka nọ́ńbà tó wà lára ìbọn, ó fa àpótí wò bóyá ó dì mọ́ ògiri dáadáa. Gbogbo rẹ̀ bára mu.

"Kọ́kọ́rọ́ kejì, sà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́," ni Rosemary dá sí i.

Bíírò Hamidah dúró. "Mà? Ṣé ẹ ń gé ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ ìbọn ni?"

"Rárá o! Mi ò sọ pé wọ́n ń gé e. Mo ní ó wà níbẹ̀ ni."

"Màmá Moṣọpẹ́, ẹ dákẹ́," ni Adédìran wí. Àtẹ̀gùn ló jókòó lé. Ó ti sọ òótọ́ kan lọ́sàn-án yìí, irọ́ kò wá yọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó sọ ti pẹpẹ. Ó sọ ti àwo funfun, ti Ìyá Magdalene, ti ọjọ́ mẹ́fà. Hamidah bi í pé èèyàn mélòó ló wọ ilé ìjọ náà láti Sátidé. Ó ní òun kò mọ̀.

"Sà, ẹ kúkú mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Kí ló wá dé?"

"Mi ò rò pé Ọlọ́run wà nínú àwọn tí òfin ní kò gbọdọ̀ mú un lọ́wọ́."

"Ọlọ́run kọ́ ló ń ṣiṣẹ́ ní Chadwell Heath lónìí pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ yín, sà."

Moṣọpẹ́ kò rí ibì kan nínú gbólóhùn náà tó ṣe é já ní koro.

Hamidah jáde lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó ní ìbọn náà kò lè sun ilé yìí lónìí, pé wọ́n ń bọ̀ wá gbé e, pé ìwé lórí 375 ti dúró, àti pé wọn yóò kọ̀wé lórí bóyá Adédìran ṣì lè ní ìbọn kankan mọ́ láyé.

"Ọmọ Ìlọrin," ni Rosemary wí, omi lójú, "irú èwo rèé? Ṣebí ọmọ wa ni ẹ́?"

"Mà, tó bá jẹ́ bàbá mi ni, ohun tí màá ṣe nìyí."

Ó tọ̀nà. Kò sí àwíjàre kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí èèyàn tilẹ̀ ti wù kó fẹ́ràn Adédìran tó. Kò sẹ́ni tó jí i gbé. Kò sẹ́ni tó tàn án. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ ohun tó ń pààyàn fún àwọn tí kò mọ bó ṣe ń pààyàn, ó sì pè é ní ìgbàgbọ́.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, Wòólíì Akíndúró sọ fún ìjọ pé ìlà pupa tí òun rí ti ṣẹ. Àwọn èèyàn ké halelúyà. Lẹ́yìn ìsìn, Ìyá Magdalene fi áńkáṣíìfù funfun we kọ́kọ́rọ́ kejì, ó fi lé Adédìran lọ́wọ́. "Ọjọ́ méje pé géérégé, Bàbá. Mi ò jẹ́ kó kúrò nínú báàgì mi." Adédìran dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó délé, ó ti àpótí òfìfo náà pa. Ó fa ọwọ́ àpótí náà wò lẹ́ẹ̀mejì, bóyá ó dì. Ó wá ní kí ìyàwó àti ọmọ òun wọ kíṣíìnì lọ, kí wọ́n pa ilẹ̀kùn dé, nítorí òun fẹ́ lọ fi kọ́kọ́rọ́ pamọ́. Wọ́n wọlé. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gun àtẹ̀gùn, tó dúró, tó sọ̀ kalẹ̀, tó tún gùn ún. Ìrẹsì jóná díẹ̀ lórí iná. Wọn kò jáde. Kò tíì pè wọ́n.