Ìyá Mi Kò Lè Jókòó Lọ́yẹ́

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà, ọdún kan wà tí ìyá mi kò fi ara balẹ̀ jókòó ní ọ̀sán ọyẹ́ kankan. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé Ibereko, tí ẹ ń ti fèrèsé mọ́ eruku, ẹ lè má mọ bí ọyẹ́ ṣe ń rí ní etí ọ̀sà Àgbádárìgì láyé ìgbà yẹn. Ìkúukùu á bo omi mọ́lẹ̀, ẹ ò ní rí òdìkejì, àfi orí igi àgbọn díẹ̀ tó yọ sókè. Ètè á bẹ́, eruku á wọ inú àmù. Ojúmọ́ á pẹ́ kó tó mọ́ dáadáa, ilẹ̀ á sì tètè ṣú. Láàárín méjèèjì ni ìyá mi máa ń fa ìborùn rẹ̀ bọ èjìká, tí á ní kí n dìde ká rìn lọ sí etí omi.

"À ń lọ gba atẹ́gùn ni," ni ó máa ń sọ fún bàbá mi.

Bàbá mi á máa wo ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ. Tíṣà ni, ó sì tún jẹ́ àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, bó bá sì ti sọ ọ́, kì í yí i padà. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé ni òun àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ti jà. Bàbá ti bá a wá àyè sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò lọ, pé àwọn tó ń fa àwọ̀n lórí ọ̀sà ni òun fẹ́ bá ṣiṣẹ́. Bàbá ní bó bá ti jáde, kó má padà wọlé òun mọ́. Ó jáde. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́. Kò dìde.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti lè jókòó. Ilẹ̀ tó ti gbá, á tún un gbá. Bó bá bu oúnjẹ, á dìde lọ wo ẹnu ọ̀nà kó tó tọ́ ọ wò. Ìrìn wa kì í jìnnà: a ó gba abẹ́ àgbọn, a ó kọjá ibi tí wọ́n ń sá àwọ̀n sí, a ó dé ibi tí àbàtà ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì yí padà kí oòrùn tó wọ̀. Èmi a máa ṣa ìkarahun, òun a máa wo ọkọ̀. Ọkọ̀ yòówù tó bá yọ nínú ìkúukùu, á dúró wò ó títí á fi rí ojú àwọn tó wà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà á fà mí lọ́wọ́, á máa yára rìn bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Lọ́jọ́ kan, a dé ibi tí a máa ń yí padà sí, kò yí padà. Mo ní ẹsẹ̀ ń ro mí. Ó ní, "Díẹ̀ sí i." Ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó wọ inú ẹrẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ pàdé wa lódìkejì àbàtà náà, kí a tó rí abúlé kékeré kan. Ìyá àgbà kan jókòó ti ààrò, ó fi èdè Ègùn kí wa. Ìyá mi bi í bóyá ó rí ọ̀dọ́mọkùnrin gíga kan tó ń bá àwọn afàwọ̀n rìn.

"Ó wà nínú ilé," ni ìyá àgbà náà sọ. "Egungun ẹja ló gún un lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ sì wú. Àwọn tí wọ́n jọ wá ti gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ lọ, ní ilẹ̀ àwọn Faransé. Èmi ni mo ń fi omi gbígbóná jó o. Kí lo jẹ́ sí i?"

"Èmi ni ìyá rẹ̀, mà."

Ìyá àgbà náà wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. "Ó sọ fún mi pé òun kò ní ìyá."

Mo rò pé ìyá mi á sunkún. Kò sunkún. "Kò parọ́, mà," ni ó wí. "Níṣojú mi ni wọ́n lé e, mo jókòó, mo ń ṣa ẹ̀wà."

Ó wọlé tọ̀ ọ́. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, òun nìkan ló sì jáde. Nílé, ó dúró síwájú bàbá mi nídìí oúnjẹ, ó ní, "Mo rí ọmọ mi. Itòsí ibí ló wà. Ó ní ẹni tó lé òun ni kó wá pe òun." Bàbá ṣan ọwọ́, ó wọ yàrá, a sì ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ó ń lọ, ó ń bọ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Sọ́ńdè. Bí a ṣe dé láti ìsìn, bàbá mi kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Ó kọjú sí mi, ó ní, "Ìwọ lo mọ ọ̀nà. Máa lọ níwájú." Ìyá mi kò bá wa lọ. Nígbà tí a dé àbàtà, bàbá mi bọ́ bàtà, ó fi ọwọ́ mú un, ó ká ṣòkòtò sókè, ó wọ ẹrẹ̀. N kò rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lásán níta rí.

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú ilé, kò dìde. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ náà.

"Ṣé ó ṣì ń dùn ọ́?"

"Ó ti ń san, sà. Ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe tíṣà o, bàbá."

"Mi ò bi ọ́ léèrè tíṣà. Ẹsẹ̀ ni mo bi ọ́." Ó gbé bàtà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Ìyá rẹ kì í jókòó mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́, bàbá fà á dìde. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi sì fi ara ti bàbá títí a fi délé. Kò ṣe tíṣà. Ó kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kíkàn, bàbá sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ tó kàn.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi. Wọ́n ti mọ ògiri sí etí ọ̀sà níbi púpọ̀, ẹ̀ṣọ́ á jókòó lẹ́nu géètì, á ní, "Màmá, níbo lẹ ń lọ?" Ẹni tó bá ń lọ sí Mowo á pe ọ̀kadà. Ẹni tó bá ń wá ọmọ rẹ̀ á pe fóònù. Ọmọ tèmi náà wà lókè òkun. Bí mo bá pè é, nígbà mìíràn ó máa ń gbé e, nígbà mìíràn fóònù á máa dún títí á fi dákẹ́. Bí ọyẹ́ bá ti dé, èmi náà kì í lè jókòó. Mo máa ń dìde, mo máa ń rìn dé ibi tí ògiri dá mi dúró sí, kí n tó yí padà. Ìyá mi ní etí ọ̀sà tó lè tọ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ibi tí ọmọ tèmi wà, ẹsẹ̀ kì í dé ibẹ̀.